Pétérù Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ẹ bá mi kí Alága-ń-bọ̀, ọkùnrin tó ti ń dúpẹ́ oyè tí ẹnì kankan ò tíì fi jẹ ẹ́. A-rí-àga-má-lè-dúró! A-kúnlẹ̀-síbi-tí-gbogbo-ayé-ti-lè-rí-i! Dígí ló ń tà. Àwa tí a jọ wà nínú ìjọ Àgùdà kan náà mọ̀ pé bí o bá fẹ́ ra dígí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀ tẹ́rùn kó tó kàn ọ́.

Bí a bá ń gbàdúrà, gbogbo wa a ti ṣe Àmín tán, tiẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbéra.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìròyìn dé pé Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni yóò bá wa ṣe Máàsì Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, tí yóò sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá bí Olúwa ti wẹ ti àwọn àpọ́sítélì. Wọ́n tún ní Bíṣọ́ọ̀bù ń wá ọmọ ìjọ kan tí yóò fún ní àmì ẹ̀yẹ. Alága-ń-bọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan: ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù bá kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ọrùn rẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ ń bọ̀.

Àmọ́ àga àkọ́kọ́, àga Pétérù, Fádà ti fi fún Baba Káfíńtà, àgbàlagbà tó kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bẹ́ǹṣì tí a ń jókòó sí. Alága-ń-bọ̀ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

“Baba, ẹ má bínú o. Ẹsẹ̀ yín yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ kàn án báyìí?”

Baba wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ tí òjò gbàgbé. “Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan lójú tèmi. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fẹnu kò ó tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán. Tó bá gún wọn lẹ́nu ńkọ́? Ìtìjú gbogbo ìjọ ni.”

Baba gbé ayùn sílẹ̀, ó rọra fa ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni ń fi í pamọ́. “Ó dáa, ọmọ mi. Bá mi sọ fún Fádà pé orúnkún ń dùn mí.”

Baba ló pa irọ́ náà o, àmọ́ Alága-ń-bọ̀ ló ni ín.

Fádà gbà, ó sì fi àga náà fún Alága-ń-bọ̀. Ó wá ku ìmúra. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa: Olúwa kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún Pétérù wà nínú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́? Ayàwòrán ti fi aṣọ bò ó. Ó jọ pé kò mọ ẹsẹ̀ yà dáadáa. Èmi tí mo ti ń wo àwòrán náà láti kékeré, ojú Pétérù ni mo máa ń wò, ojú ẹni tí ìfẹ́ ká mọ́ tí kò rí ibi sá gbà. Alága-ń-bọ̀ wò ó títí, ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wẹ̀.

Ló bá di ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún ẹsẹ̀ ṣe.

“Bá mi ṣe ọ̀tún.”

“Òsì ńkọ́, sà?”

“Ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n, òsì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní í lọ sóde ńlá.”

“Ṣé ẹ máa fi àbúrò sílé ni?”

“Ìdajì iṣẹ́, ìdajì owó. Ṣe é, jọ̀ọ́.”

Obìnrin náà gbé ẹ̀rín mì, ó ha gìgísẹ̀, ó gé èékánná, ó fi òróró olóòórùn dídùn pa ẹsẹ̀ náà títí ó fi ń dán bí ìgò. Nígbà tí Alága-ń-bọ̀ délé, ó gbé dígí kékeré kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà lè rí ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. “Bàbá ọmọ mi, ẹ ò ṣe kúkú fọ ìkejì? Omi wà nínú garawa.”

“Ìwọ ò mọ àwòrán wò,” ni ọkọ dáhùn.

Ilé Ọlọ́run kún dẹ́nu lọ́jọ́ náà. Àwọn méjìlá jókòó. Bíṣọ́ọ̀bù so aṣọ ìnura mọ́ ìbàdí, ó kúnlẹ̀ níwájú àga àkọ́kọ́. Alága-ń-bọ̀ ti bọ́ bàtà ọ̀tún tipẹ́. Ẹsẹ̀ náà yọ bí oṣù tuntun, òórùn òróró sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Bíṣọ́ọ̀bù sín. Ó tún sín.

“Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yìí mọ́ ju ọwọ́ mi lọ. Mú ìkejì wá.”

“Ìkejì kẹ̀?” Alága-ń-bọ̀ ti òsì bọ abẹ́ àga. “Láéláé, Baba! Ẹ ò ní fọ ẹsẹ̀ mi!”

Inú gbogbo ìjọ dùn. A rò pé Pétérù ló ń ṣe, torí bí Pétérù ṣe kọ̀ gan-an nìyẹn. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nu omijé nù: “Ẹ ò rí i, ó mọ̀ ọ́n ṣe ju Pétérù lọ.” Orí Bíṣọ́ọ̀bù náà wú, ó fèsì bí Olúwa ti fèsì, pé bí òun ò bá wẹ̀ ẹ́, kò ní ní ìpín lọ́dọ̀ òun.

Pétérù gidi ní kí wọ́n kúkú wẹ ọwọ́ àti orí mọ́ ọn. Pétérù tiwa tẹrí sílẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù létí. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn wà láyà aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ jọ̀ọ́, Baba,” ni gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wí, “mi ò fọ ìyẹn.”

“Ohun tí mo ṣe gbé omi wá nìyẹn,” ni Bíṣọ́ọ̀bù dáhùn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn bàtà náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìbọ̀sẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò yọrí níbẹ̀ bí aládùúgbò tó gbọ́ ìjà. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ tó gbin àgbàdo. Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ náà bọ́, tùràrí pàápàá padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ la ní kó gbé wá, ẹ̀ṣẹ̀ ló gbé dé.

Ohùn kan sì ké láti ẹ̀yìn, ohùn obìnrin tó ń tún ẹsẹ̀ ṣe: “Ẹ jọ̀ọ́ o, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn o! Ọ̀tún nìkan ni wọ́n ní kí n ṣe!”

Orin já mọ́ àwa akọrin lẹ́nu. Ẹ̀rín gba ilé Ọlọ́run kan.

Bíṣọ́ọ̀bù ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó fọ ẹsẹ̀ náà bí ìyá ṣe ń fọ ti ọmọ tó ti ibi eré dé, àárín ìka, abẹ́ èékánná, gbogbo ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ omi, ó tún un fọ̀. Ó nù ún, ó fẹnu kò ó. Ọ̀tún tó ń dán, kò tún bojú wò ó.

Ká ní Alága-ń-bọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ni, bóyá à bá ti gbàgbé. Ó fò dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde láìwẹ̀yìn.

“Àga Pétérù kì í pẹ́ ṣófo nínú ìjọ tiwa,” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí. “Ta ló tọ́ sí?”

Fádà nawọ́ sí Baba Káfíńtà. Baba ń tijú bọ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wẹ̀ ẹ́ tó sì fẹnu kò ó, a gbọ́ ohùn Baba nínú gbohùngbohùn: “Ṣé kò gún yín lẹ́nu?”

“Ó gún díẹ̀,” ni Bíṣọ́ọ̀bù dáhùn, àwọn méjèèjì sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Níta, Alága-ń-bọ̀ fara ti géètì, ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀, torí ọwọ́ ìyàwó ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Nígbà tí Máàsì parí, obìnrin tó ń ta àbẹ́là wò ó lójú. “Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Pétérù ọ̀hún?”

“Pétérù wo? Mi ò wọlé rárá lónìí.”

Oníbàárà rẹ̀ kan dé. “Alága, ẹ̀yin ni mo rí níwájú yẹn, àbí?”

“Ẹni tó jọ mí ni.”

Dẹrẹ́bà Bíṣọ́ọ̀bù ló ṣìkẹta. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bíṣọ́ọ̀bù ní kí n bá àwọn wá Pétérù àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ bá a ya fọ́tò.”

“Mo ti ní mi ò mọ ọkùnrin náà rí!”

Àkùkọ kankan ò kọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé nǹkan dání lọ́wọ́ méjèèjì: “Bàbá ọmọ mi! Ẹ dúró gba bàtà yín! Ẹ gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ àga Pétérù!”

Gbogbo géètì yíjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwé Mímọ́ ní Pétérù bọ́ síta, ó sì sunkún kíkorò. Tiwa ti wà níta tẹ́lẹ̀. Ẹkún nìkan ló kù ún kù.