Bọ́ọ̀lù Kì Í Já Bọ́ Lọ́wọ́ Ládépọ̀

Àìsàn kan ń ṣe mí tí kò sí nọ́ọ̀sì tó lè gún un lábẹ́rẹ́. Ẹnu ni. Bí mo bá ń bọ̀ nílé yín, ẹnu mi á ti wọlé, á ti jókòó, á ti máa ròyìn mi kí èmi fúnra mi tó bọ́ bàtà. Felicia ìyàwó mi ló máa ń sọ pé bí ẹnu bá ṣe é wọ̀ bíi mọ́tò ni, èmi ì bá ti di Alhaji láì kúrò ní Ìbà. Èmi díákónì!

Ẹnu yìí náà ló ra pínbọ́ọ̀lù. Fáànù ni mo lọ rà lọ́jà Àlàbá o. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń já kọ̀ǹtéńà, mo rí ohun kan bíi tábìlì, ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, gíláàsì bo orí ẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kan wà nínú ẹ̀. Ẹ ó ta bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ẹ ó wá máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí apá kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ máa gbá a padà, kó má baà já bọ́ sínú ihò. Wọ́n ya ètò tẹlifíṣọ̀n òyìnbó àtijọ́ kan sí i lára, èyí tí wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Tẹlifíṣọ̀n kékeré wà láàárín, olóòtú eléyín gbàǹgbà kan sì ń wò mí látinú ẹ̀.

"Ọ̀gá, collectors dey find this one well well," ọmọ Ìbò tó ń tà á wí. "Original voice dey inside."

Kí ló dé tó fi dárúkọ collectors, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, létí mi?

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Mo ní irú ẹ̀ méjì ní Èkìtì."

Irọ́ gbuu. Ohun tí mo ní ní Èkìtì ni ilé tí kò tíì lórùlé.

Bí mo ṣe délé pẹ̀lú pínbọ́ọ̀lù láìsí fáànù nìyẹn. Kò sí ibi tó gbà á ní pálọ̀ àfi ibi tí tábìlì ìjẹun Felicia wà, èyí tí ìyá ẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wa. A gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

"Bàbá Motọ́lání, mo ti gbọ́," Felicia wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ bá sọ pé pàǹtí lásán ni, ẹ máa gbé e jáde, tábìlì mi á sì padà sáyè ẹ̀."

"Kò burú! Èmi Ládépọ̀!"

Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ga ju iwájú lọ. Mo gbé ife omi lé e, ife ń yọ̀ bọ̀ wá bá mi. Ha! Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! Àgbà kì í wà ní pálọ̀ kí ẹsẹ̀ tábìlì wọ́. Mo ránṣẹ́ pe Ṣàkírù wẹ́dà ní Ìyànà Ìbà.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Gé e, jàre! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní tábìlì?"

Ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Mo tún gbé ife lé e. Ife ò mira. Inú mi dùn débi pé mo mu omi náà.

Mo wá ta bọ́ọ̀lù. Ó lọ sókè, ó kọlu ibí, ó kọlu ọ̀hún, iná ń tàn, nọ́ńbà ń gòkè, kò sì já bọ́. Bó bá dúró sójú kan, màá fi ìbàdí ta tábìlì, á tún gbéra. Mo ta á títí ìrẹsì mi fi tutù. Bọ́ọ̀lù kọ̀, kò já bọ́! Àṣé ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún mi, tí mo ń fi ṣòfò ní ọ́fíìsì ìjọba!

Láti ìgbà náà, àdúgbò ò gbádùn mọ́. Níbi ìpàdé àwọn onílé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gọ́tà, mo dìde: "Gọ́tà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í já bọ́ lọ́wọ́ mi?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi jẹ́rìí. Ẹ̀hìndé tí ilé ẹ̀ kángun sí tèmi ní, "Ládépọ̀, eré wo lèèyàn ń ṣe tí kì í pàdánù rí?" Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ náà ló dé etí Alhaji Zakariyah, bàbá kan ní Okokomaiko tó kó ẹ̀rọ eré àtijọ́ jọ kún gbọ̀ngàn kan. Orúkọ ẹni tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ló máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀, ṣé èyí tó ní olóòtú eléyín gbàǹgbà ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín yẹn gan-an là ń wá. Ohùn olóòtú náà fúnra ẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ló ti yadi."

"Ẹ̀rín kẹ̀? Alhaji, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí á rẹ́rìn-ín nínú ilé mi?"

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn! Mo ti ń rí i lójú mi: Olóyè Ládépọ̀. N kò joyè kankan o, àmọ́ ta ló máa béèrè? Mo pe gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wòran.

Alhaji dé tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ìnudọ̀tí múlọ́múlọ́. Ó fọwọ́ pa gíláàsì náà bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun. "Màṣá Allah! Ẹ ta á, ká wò."

Mo ta á. Bọ́ọ̀lù ń rìn káàkiri. Mo tẹrí ba fún àwọn èrò. Mo tilẹ̀ yọ ọwọ́ méjèèjì, mo fi nu òógùn, bọ́ọ̀lù ò já bọ́! Ibẹ̀ ni ojú Alhaji ti yí padà. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀.

"Ta ló gé ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Àtúnṣe ni, Alhaji. Ó wọ́ tẹ́lẹ̀ ni."

"Ó wọ́?" Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn! Bí ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá ga, báwo ni bọ́ọ̀lù á ṣe padà wálẹ̀? Ọmọ ọwọ́ pàápàá ò lè pàdánù lórí eléyìí!"

Ẹ̀hìndé wúkọ́. Mo mọ ikọ́ ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ikọ́.

Felicia dìde. Ó kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ orí tábìlì ẹ̀ mọ́. Àdéhùn wa ló fẹ́ mú ṣẹ yẹn. Ká má purọ́, mo ti fẹ́ràn nǹkan náà.

"Alhaji, ẹ ṣàánú mi!"

Alhaji ní ká wá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì, ó kì wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. "Ó yá, ẹ tún un ta."

Mo ta á. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó gba àárín apá méjèèjì kọjá, ó ti wọ ihò kí n tó rántí pé mo lọ́wọ́.

Tẹlifíṣọ̀n kékeré náà tàn yòò. Olóòtú la ẹnu. "Hà hà hà hà hà!" Èrò inú ẹ̀rọ gbè é. Àdúgbò mi gbè wọ́n. Ṣàkírù gan-an, tó fọwọ́ ara ẹ̀ gé e, ń yí nílẹ̀!

Omi bọ́ lójú Alhaji. "Ó ń rẹ́rìn-ín! Alhamdulilai! Ẹ tún un ta!" Mo tún un ta, ó tún já bọ́, olóòtú tún fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dáwọ́ dúró! N kò tíì rí ẹni tó ń mú un rẹ́rìn-ín bíi tiyín!"

Felicia padà wọlé. "Ẹ sún, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

Ó ta á. Tak! Tak! Tak! Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀, ìyàwó mi ń gbá a padà bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Ìgbà tó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá Motọ́lání, tábìlì lè dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀." Alhaji bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ kóun gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ńkọ́? Látìgbà tí mo ti ń kó nǹkan jọ, n kò tíì rí irú ẹ̀."

Bí ẹ bá dé Okokomaiko, ẹ yà sínú gbọ̀ngàn náà. Ẹ ó rí ègé irin méjì nínú àpótí gíláàsì, ìwé kan sì wà lábẹ́ ẹ̀: "Ẹsẹ̀ pínbọ́ọ̀lù. Ládépọ̀ ará Ìbà ló ní kí wọ́n gé e, torí pé ó wọ́." Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, tèmi wà lábẹ́ irin.

Mo ti lọ wò ó. Mo bẹ Alhaji kó bá mi fi "Olóyè" síwájú ẹ̀. Ó ní irin tí mo gé ò gùn tó bẹ́ẹ̀.