Ọjọ́ tí mo kun ẹnu mi lọ bá dókítà eyín

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, ọwọ́ mi á kàn lọ bo ẹnu mi fúnra rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe nílùú Ìlá, nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ káfíńtà mọ̀ pé ẹnu ni àpò ìṣó rẹ̀. Tèmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni mo máa ń kó wọn sí. Bí ìṣó bá sì tán, màá fi tábà rọ́pò, kí ilé má baà ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń rin orín níwájú dígí ni mo rí nǹkan funfun kan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ó dì bí awọ ojú ògì. Mo fi orín họ ọ́, kò lọ. Mo fi iyọ̀ họ ọ́, omi bọ́ lójú mi, òun ò lọ.

Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí obìnrin náà kì í dákẹ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ ní rédíò nìyí? Jẹjẹrẹ ẹnu?"

"Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ìwọ náà!"

"Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín."

"Eyín kọ́ ló ń dùn mí."

"Ta ló tún ń wo ẹnu? Fọkanáísà?"

Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo jókòó, ahọ́n mi á lọ yọjú wò ó. Bí mo dìde, á tún lọ. Wọ́n ní kí n kan pósí fún bàbá kan tó kú ní Ọ̀tan. Nígbà tí mo kàn án tán, mo rí i pé gígùn ara mi ni mo gé e sí. Bàbá náà ò ga tó mi. Wọ́n sin ín tàyètàyè.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà eyín máa ń ti Òṣogbo wá sí ọsibítù ìlú wa. Àwa níbí, bí àlejò bá ń bọ̀, a máa ń gbálẹ̀. Ojú ń tì mí láti ya ẹnu tábà fún àlejò, ni mo bá fi eérú fọ ẹnu mi títí tó fi ṣẹ̀jẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, mo mú oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sẹ́nu ọmọ ọwọ́, mo kùn ún. Mo rò pé ìwọ̀nba ni. Ọlọ́kadà tó gbé mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀nba.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé íńkì lẹ mu ni?"

Mo pa ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì bi mí ní orúkọ, mo ní "ìmh." Ó bi mí ibi tó ń dùn mí, mo ní "ìmh." Àánú mi ṣe é, ó ní eyín ti dí mi lẹ́nu pa. Ó gbé mi kọjá gbogbo èrò tó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, wọ́n sì ń kí mi ní pẹ̀lẹ́.

Dókítà náà, obìnrin ni. Ká ní mo tètè fẹ́yàwó ni, ǹ bá bí i.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ yanu."

Mo yà á. Ó sún sẹ́yìn.

"Háà! Ẹ ti kun gbogbo ilé! Kí ni mo fẹ́ rí níbí?"

"Mo ní kó lè mọ́ ni, Dókítà."

Ó ní kí n máa fi omi fọ ẹnu. Nígbà tó rí ojú ẹran, ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, àga tí mo jókòó sí bá dà mí sẹ́yìn. Káfíńtà ni mí. Mo mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀. Mo ké, mo di iná tó wà lókè mú.

"Bàbá, bó ṣe ń ṣe nìyẹn!"

Ó fi aṣọ funfun di ahọ́n mi mú bí ẹni mú ẹja àrọ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tẹ ọrùn mi. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan ojú ibẹ̀, mo gé e jẹ.

"Kì í ṣe oúnjẹ o, Bàbá! Kí lẹ máa ń fi síbí?"

"Ìṣó."

"Ìṣó?"

"Àti tábà, bí ìṣó bá tán."

Kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ yọ ìṣó, ẹ yọ tábà, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ṣì wà, a ó bù díẹ̀ níbẹ̀, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn."

"Ṣùgbọ́n kò dùn mí, Dókítà."

"Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń dùn ún ló ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa."

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn ju ọdún lọ. Mo kó ìṣó sápò ẹ̀wù, ó ń gún mi láyà. Mo kó o sínú fìlà, mo gbàgbé, mo dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní ká ṣí fìlà gbàdúrà, ìṣó rọ̀ sílẹ̀ bí òjò, wòlíì dákẹ́ àdúrà.

Ọjọ́ pé, mo padà lọ, ẹnu mi ò ní ọ̀dà. Dókítà wò ó pẹ́. Mo di apá àga mú.

"Ó ti lọ, Bàbá. Ara ti bọ̀ sípò."

Mo dìde, mo dúpẹ́. Ó ní kí n má fi tábà kan ẹnu mọ́ láéláé, kí n sì máa wá kó máa bá mi wò ó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹnu tí kò dunni náà yẹ ní wíwò, àti pé ìbẹ̀rù tí mo fi ń sá fún dókítà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí léṣe ju ohun tó wà lẹ́nu mi lọ. Ní báyìí, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yanu.

"Bàbá," dókítà á ní, "ẹ jẹ́ kí n wọ ìbọ̀wọ́ ná."

Èmi náà á wá fi ẹnu tó ti yà sílẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín ara mi.