Àwo Orin Tí Mi Ò Gbọ́ Dé Òpin

Bó ti wù kí n pẹ́ láyé tó, Sátidé kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi. Tí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí, ṣe ni mo máa ń fọwọ́ bojú, kódà tó bá jẹ́ èmi nìkan ló wà nílé.

Nígbà yẹn, tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Yorùbá ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pín láwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Woolwich. Auntie Ṣadé, tó gbà mí sílé ní Thamesmead fún ọdún méjì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wá pè mí. Ó ní Dúpẹ́ ọmọ òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta gìtá ti ṣe àwo orin, kí n bá wọn kọ nǹkan nípa ẹ̀, torí àwọn ará ìjọ ń sọ pé ọmọ náà kàn ń fi ayé ẹ̀ ṣeré ni.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Orin àkọ́kọ́, gìtá. Ìkejì, gìtá àti ìlù. Ìkẹta, kò sẹ́ni tó lanu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, irú CD bẹ́ẹ̀ làwọn olórin máa ń gbé wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gba máìkì, wọ́n á wá kọrin lé e. Mo yọ ọ́ kúrò létí, mo sì kọ ọ́ pé: "Àwọn ọmọ yìí se ọbẹ̀ tán, wọ́n gbàgbé ẹran. Kò sí ohùn èèyàn kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Orin mẹ́ta péré nínú mẹ́sàn-án.

Nígbà tó jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí nílé onídìrí ní Powis Street. Orí mi wú. Mi ò rántí Auntie rárá.

Sátidé yẹn ló pè mí wá jẹun. Mo bá àwọn àgbà ìjọ ní pálọ̀, àwo Dúpẹ́ ń dún lọ́wọ́. Wọ́n ti gé ohun táwọn ìwé ìròyìn òyìnbó kọ nípa ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ìyìn ni gbogbo ẹ̀.

Auntie gbé ìwé ìròyìn wa lé mi lọ́wọ́. "Tìẹ nìkan ni mi ò tíì kà. Mo ní kó o fẹnu ara ẹ kà á fún wa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. "Àwo yìí dùn bí oyin, Ọlọ́run ló fún ọmọ yìí lẹ́bùn..." Àwọn àgbà ń ṣe àmín. Bí mo ṣe ń purọ́ lọ lorin kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Gìtá rọlẹ̀, ohùn obìnrin kan jáde, ó ń ki oríkì. Ohùn Auntie ni! Oríkì tó fi máa ń jí Dúpẹ́ láràárọ̀ nígbà tí mo ń sùn ní pálọ̀ yẹn gan-an.

"Ṣé o kọ nípa tèmi náà?" Inú ẹ̀ ń dùn.

Kí n tó dáhùn, Dúpẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Uncle, my friend ti read ẹ̀ fún mi. You said kò sí ohùn kankan. O ò gbọ́ dé track nine, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn lábẹ́ àyà mi.

Auntie ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Dìde, jókòó," ó sì dá àwo náà padà sí orin àkọ́kọ́. A gbọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá.

Mo kọ òmíràn, mo tọrọ àforíjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ka ìyẹn nílé onídìrí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tí mo gbọ́ orin mẹ́ta tí mo dájọ́ mẹ́sàn-án ńkọ́?

Dúpẹ́ ti ṣe àwo míì láti ìgbà yẹn. Nígbà tó ń fún mi, ó ní, "Uncle, orin mọ́kànlá ni o. Máa kà á bó o ṣe ń gbọ́ ọ." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì tún lọ bojú.