Pátákó Tíṣà Láńtóyè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí kò ní méjì kì í gé ọ̀kan? Ẹ má mi orí bí ẹni tó mọ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Láńtóyè ará Agbọ́nlé ló fà á. Ìsípẹ́kítọ̀ ti kìlọ̀ fún un pé: "Bí mo bá padà dé tí àwọn ọmọ yìí ò tíì mọ ìdá nínú ìṣirò, jẹ́lé-ó-sinmi ni mo máa gbé ọ lọ, kó o máa nu ikun nímú." Láńtóyè wá ń pariwo ìdajì àti ìdámẹ́rin títí ọ̀fun rẹ̀ fi bó. Àwọn ọmọ ń wò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ọkọ̀ òfurufú.

Ló bá gbọ́ pé pákó gígé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílùú ńlá: ọmọ á tú u, á fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó padà, ìṣirò á wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pákó wo ló wà ní Agbọ́nlé? Láńtóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo iwájú kíláàsì. Ó yá ayùn, ó gé pátákó ìkọ̀wé kan ṣoṣo tí ilé-ìwé ní sí mẹ́rin ọgbọọgba.

Ká má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń tú, wọ́n ń tò, wọ́n tún ń jà sí i. Inú Tíṣà dùn débi pé ó ní kí ọmọ mẹ́rin gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fi han ìyá wọn. Ẹ gbọ́ ná, ilé ìyá wo ni pákó ti ń sùn lásán?

Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lókè. Tíṣà sáré wọ abúlé. Ọ̀kan ti di ìdérí àmù, ó gbà á. Adìyẹ ń sàba lórí èkejì, ó gbà á pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti kan ẹ̀kẹta mọ́ fèrèsé, ó fà á tu. Ó bá Ìyá Dúródọlá, ìyá ọmọ kẹrin, níbi tó ti ń yan gàrí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Pákó mi dà?"

"Ẹ ṣeun o, Tíṣà. Ó gbẹ dáadáa, kò rú èéfín rárá."

"Ẹ fi pátákó ìjọba dáná?"

"Dúródọlá ní ìdámẹ́rin ni. Ṣebí mẹ́ta ṣì kù fún yín."

Nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ wọlé, mẹ́ta ló bá lára ògiri. "Kí lèyí?"

Dúródọlá ló dìde. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, sà. Ìdámẹ́rin tó kù wà lábẹ́ gàrí màmá mi."

Ìsípẹ́kítọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Àwọn ọmọ mọ ìdá. Wọ́n yege." Láńtóyè mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n kíláàsì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí tíṣà ò ti nílò pátákó."

Jẹ́lé-ó-sinmi ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá ti nu ikun ọmọ kan tán, tí òmíràn tún na imú sí i, ẹ ó gbọ́ tó ń kùn pé: ẹni tí kò ní méjì kì í gé ọ̀kan.