Bí Ìbídùn Ṣe Fi Téèpù Ìránṣọ Mú Lájídé Nígbèkùn

Ìbídùn, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó na irin títí irin fi tọrọ àforíjì! Ọmọ ìyá tó fi abẹ́rẹ́ kan bo ìhòòhò odindi àdúgbò! Télọ̀ tó fi téèpù kọ́rùn bí ọba ṣe ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn, tó bá tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀ a mì tìtì, ògiri a bẹ̀bẹ̀! Ẹ dúró ná, kí n yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́nìkan. Èmi Lájídé, ọkọ rẹ̀, ni mò ń kì í. Ojo ni mí, ṣùgbọ́n bí ojo ò bá lè jagun, ó lè ròyìn ogun.

Láti ọjọ́ tó ti wọlé mi, akọni yìí kò pe orúkọ mi rí. Bàbá Bánkẹ́ ni mí. Wọn kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn: kó pè mí lórúkọ gbàǹgbà, kó pàṣẹ fún mi bí ọ̀gá. Tó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? N ò ní lè lanu mọ́ láéláé. Lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn ọmọ lọ kí ìyá àgbà wọn, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó rò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí àwọn dókítà orí rédíò, tí wọ́n ń fi ìbéèrè wo ọkàn? Èmi ni dókítà, ẹ̀yin laláìsàn. Ẹni tó bá sú nínú wa, kó ní 'àlùbọ́sà', eré parí nìyẹn."

Háà! Ó ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ti bodè ìlú lọ́jọ́ ogun. Ó fi awò ìyá rẹ̀ sójú, ojú náà di ti ẹkùn tó bímọ. Ó na ìka sí àga gígùn, mo dùbúlẹ̀. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó fi wé ọwọ́ mi méjèèjì, kò fún, kò dẹ̀, bí balógun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọba ìlú òdìkejì.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Sùúrà, ará ilé kejì, fi kan fèrèsé. "Ìyá Bánkẹ́! Bùbá mi ńkọ́?"

Dókítà mi fèsì láti inú ilé:

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mà, mò ń wọn ẹnì kan lọ́wọ́!"

"Kí ló pẹ́ tó báyìí? Ṣé ó sanra ni?"

"Ó sanra díẹ̀, mà. Àmọ́ ó ń gbọ́ràn."

Ìyá Sùúrà rẹ́rìn-ín lọ. Dókítà yíjú sí mi, ó lanu. "Bàbá Bán..." Òógùn yọ nímú akọni! Mo rí i, àlùbọ́sà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Tó bá fi lè sọ ọ́, mo gbé.

Mo rọra ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí sàn."

Ó mí kanlẹ̀. "LÁJÍDÉ!"

Àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé fò.

"Lájídé, ta ló ní kí o máa rẹ́rìn-ín? Kí ló ń ṣe ọ́? Jẹ́wọ́!"

"Ìyẹn gan-an ni, mà! Ẹ tún un pè!"

Ó tún un pè. Ó pè é bí ààrá, ó pè é bí oyin, ó pè é títí awò fi já bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì dá àwa méjèèjì dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àlùbọ́sà.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́: "Bàbá Bánkẹ́, oúnjẹ yín rèé." Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin balógun, ẹ kó asà yín nílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀tá, ẹ túúbá! Ìbídùn ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀, òrùlé ò ṣí, ilé ò wó, aláìsàn náà kò sì tíì gbádùn rárá. Sátidé tó ń bọ̀ ló tún máa rí dókítà.