Òkúta Tó Gbá Aránbàtà Lọ́wọ́ Mú

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, tòun ti báàkẹ́ẹ̀tì omi ló wọlé. Aránbàtà ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì náà, kò sì ṣe é yọ. Onígbàjámọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a gbé e. Kì í ṣe torí àánú o, torí kí omi má baà dà ni.

Aránbàtà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, báàkẹ́ẹ̀tì ò jẹ́. Ó kúkú jókòó sílẹ̀.

"Ta ló pe ẹnì kejì lẹ́jọ́?" Kábíyèsí bèèrè.

"Èmi ni, Kábíyèsí," onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ọkùnrin yìí mú òkúta mi, kò fẹ́ fi sílẹ̀."

"Irọ́ ni, Kábíyèsí! Òkúta ló mú mi!"

"Aránbàtà, panu mọ́. Onígbàjámọ̀, máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

"Kábíyèsí, mo ní àpótí gíláàsì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bíi ti òkun. Mo to òkúta síbẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, kí ẹja máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àmọ́ ẹja kan wà tí kì í sinmi, iyanrìn abẹ́ òkúta ló ń gbẹ́ ṣáá. Tí mo bá tò ó láàárọ̀, á ti wó kó tó dalẹ́. Mo wá ra gọ́ọ̀mù tó ń mú nínú omi. Mo ní ta ló mọ gọ́ọ̀mù lò ju aránbàtà lọ? Mo pe àna mi. Mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mo ń pè."

"Kí lo ní kó ṣe?"

"Mo ní kó kó iyanrìn kúrò, kó gbé òkúta ìsàlẹ̀ lé orí gíláàsì gan-an, kó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sára ti òkè, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kó sì yọ ọwọ́."

Kábíyèsí yíjú. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Aránbàtà, sọ tìẹ."

"Kábíyèsí, mi ò gbọ́ 'kó sì yọ ọwọ́' o! 'Dì í mú dáadáa, má fi sílẹ̀ títí màá fi dé,' ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Ni wọ́n bá jáde. Ìdí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ni wọ́n lọ."

"Mo lọ ra abẹ ni!"

"Àna mi, abẹ wo ni wọ́n ń tà nídìí tẹlifíṣọ̀n?"

Kábíyèsí wo òkúta tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nínú báàkẹ́ẹ̀tì fínnífínní. "Gọ́ọ̀mù òkúta, báwo ló ṣe dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ?"

Ojú ti aránbàtà. Láti kékeré ló ti ń lẹ bàtà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Bí a ṣe ń lẹ bàtà ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́, Kábíyèsí. A máa ń fi ọwọ́ pa gọ́ọ̀mù sára méjèèjì, a ó fẹ́ ẹ lẹ́nu kó gbẹ díẹ̀, ká tó wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀."

"O fẹ́ ẹ lẹ́nu? Nínú omi?"

"Mo ti orí bọ̀ ọ́, Kábíyèsí. Mo fẹ́ ẹ dáadáa."

Ìjòyè kan fi aṣọ di ẹnu, ó sá jáde.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Oníbàárà tó wà lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí ariwo sọ ni. Wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀, irun kún apá kejì.

"Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, Kábíyèsí. Onígbàjámọ̀ ní kó yọ ọwọ́."

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì bò yín lójú ni?" aránbàtà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bò mí lójú. Mi ò rí nǹkan kan."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o rí gbogbo rẹ̀!" ni Kábíyèsí wí.

"Kábíyèsí, ẹ wo orí mi. Òun náà ló máa parí rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

Wọ́n pe ìyàwó aránbàtà.

"Ọkọ mi ò jẹ̀bi," ló wí. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi náà ò jẹ̀bi."

"Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Ẹja tó ń gbẹ́ iyanrìn ni."

Ìjòyè àgbà ti gbọ́ tó. "Ẹ fi òòlù fọ́ òkúta náà, kí kálukú máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́!" Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀. "Iyùn tó ń hù lára rẹ̀ yẹn, ẹ̀dá ẹlẹ́mìí inú òkun ni, ó ń mí. Kò ju èékánná lọ nígbà tó dọ́wọ́ mi. Ẹ kúkú fa ọwọ́ náà yọ, awọ á tún hù."

Aránbàtà figbe ta. "Ọwọ́ tí mo fi ń bọ́ àbúrò yín rèé! Tó bá bó, ta ni á máa rán bàtà?"

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè.

"Òkúta yìí ń mí, a ò ní fọ́ ọ. Ọwọ́ yìí ń ṣiṣẹ́, a ò ní fà á ya. Bó pẹ́ bó yá, awọ á bó fúnra rẹ̀. Títí dìgbà náà, aránbàtà, ìwọ ni òpó òkúta náà. Dúró nídìí àpótí, ọwọ́ rẹ nínú omi, ká wo ẹja tí á wó o. Onígbàjámọ̀, ìwọ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìwọ lo máa fún un lóúnjẹ, ìwọ lo máa wẹ̀ ẹ́, ìwọ lo máa rán bàtà àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ò ní ráyè bá ara yín yan odì."

"Kí n máa wẹ ọkọ àbúrò mi?" Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Òòlù dà?"

Wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n inú aránbàtà ti yí padà. Láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó, òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àna, òun ló ń bá àna gbé ẹrù. Nígbà tó gbọ́ pé àna máa fún òun lóúnjẹ, ó fi ọwọ́ òsì gbá báàkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta wa!"

Onígbàjámọ̀ gbé òòlù sókè. Ó wo inú omi kó lè rí ibi tó máa lù. Iyùn náà, tí ẹ̀rù ti mú kó pa ara rẹ̀ dé láti àárọ̀, ń là bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń na àwọn ọwọ́ tín-ín-tín rẹ̀ jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò aránbàtà. Omi bọ́ lójú onígbàjámọ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di báàkẹ́ẹ̀tì mú.

"Kí lo máa jẹ?" ó bi àna rẹ̀.

"Oúnjẹ ò kánjú," ni aránbàtà wí. "Imú ló ń yún mi. Ẹ kọ́kọ́ bá mi họ ọ́."