Ẹrù Ni Mo Wí, Kì í Ṣe Ẹ̀rù

Bàbá Awakọ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ akẹ́rù tó wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó gbé ògbólógbòó bátìrì ọkọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó ń retí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi oòrùn ṣe iná sílé onílé. Obìnrin náà dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀, ìyàwó wa. Dìde, dìde. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ní kí n kí yín. Bàbá, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe lórí fóònù lánàá, ṣé ẹ ti ṣe é?"

"O ò mọ̀ mí ni? O ní kí n ka ẹ̀rù mi kí o tó dé, mo sì ti kà á."

"Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kà á. Mélòó ni?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin péré! Á jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ò ní le. Kí ni àkọ́kọ́?"

"Ejò."

Ìyàwó gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ fẹ́ kí n fa iná fún ejò?"

"Fún ta ni? Kí n tún wá tanná fún un kó lè rí ibi tí mo sùn sí?"

"Ó dáa. Ìkejì ńkọ́?"

"Dókítà."

"Dókítà wo nìyẹn?"

"Èyíkéyìí. Pàápàá èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ọ̀dọ̀ yín níbí ló ń gbé ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ìkẹta?"

"Bíréèkì tí kò mú, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè."

Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í fi bàbá ọkọ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹrù ni mo wí o."

"Ẹ̀rù náà kọ́ ni mò ń kà fún ọ láti àárọ̀?"

"Ẹrù! Èyí tí èèyàn ń rù. Kì í ṣe ẹ̀rù tó ń bani."

"Ẹ̀ẹ́n!" Bàbá fa irùngbọ̀n. "Ẹ̀bi ta wá ni? Ìwọ lo pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń jó irin mọ́ irin. Bí ariwo ṣe ń gbé ohùn rẹ gòkè ló ń jù ú sílẹ̀. Mo sì jókòó, mo ro àròjinlẹ̀, mo ń ka ohun tó ń bà mí lẹ́rù bí aláìsàn!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìkẹrin tí ẹ ò tíì sọ ńkọ́?"

"Ìkẹrin ò kàn ọ́. Ẹrù wo lò ń wí gan-an?"

"Gbogbo nǹkan tí iná máa bá wa ṣiṣẹ́ fún nínú ilé. Gílóòbù, fáànù, fìríìjì. Bátìrì ló máa rù wọ́n nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Tí a ò bá mọ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, a ò lè mọ irú bátìrì tí a máa rà."

"Bátìrì? Ìyẹn ti parí." Bàbá gbá ògbólógbòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí. "Wo akọni. Ọkọ̀ tó bá sùn bí òkú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni eléyìí máa kàn án lára, á dìde fùú. Ṣé gílóòbù ló wá fẹ́ bá a fà á?"

"Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, Bàbá. Ṣùgbọ́n..."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti ń retí 'ṣùgbọ́n' yẹn."

"Tí bátìrì bá ti jí ọkọ̀ tán, ta ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù títí tí ẹ fi ń dé ibi tí ẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ́ńjìnnì."

"Kí ni bátìrì wá ń ṣe?"

"Ó ń... Ó ń sinmi."

"Ẹ ò rí i? Akígbe ni. Á kígbe 'dìde!' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á padà lọ jókòó. Ti ilé, aláàárù la fẹ́, èyí tó máa rọra gbé ẹrù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí ẹ bá sọ akígbe di aláàárù, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kán."

Bàbá wo bátìrì náà bí ẹni tí wọ́n bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí: "Má dá a lóhùn."

Ìyàwó gbé àkàbà ti ògiri, ó ní kí Bàbá bá òun dì í mú, ó gun òkè lọ wo òrùlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ̀ẹ̀yẹ̀ẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó na ohùn.

"Bàbá! Oòrùn yín níbí dára o!"

"Ó dára púpọ̀! Pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán!"

"Ìgbà yẹn gan-an la nílò ẹ̀! Ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Tí wọn ò bá ti yọ mí lẹ́nu, ó di ìrọ̀lẹ́!"

"Ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ń pọ̀ sí jù?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Tí mo bá fi òsì sùn, gbogbo apá mi ló máa ń kú!"

Ìyàwó yọjú wò ó láti òkè.

"Bàbá, oòrùn tó ń ràn ni mò ń bi yín, kì í ṣe oorun tí ẹ̀ ń sùn!"

"Háà! Ìyẹn náà wà. Òun ló máa ń wá jí mi."

Ìyàwó fi òòlù kan igi òrùlé kọ́kọ́kọ́.

"Ikán ti jẹ igi méjì níbí! A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn kí a tó gbé pátákó sólà lé e!"

"Òrùlé tó ń gba òjò dúró láti ìgbà tí a ti kọ́lé? Kí ló ṣe é?"

"Òjò kì í jókòó, Bàbá! Ó ń kọjá lọ ni! Pátákó sólà ń bọ̀ wá jókòó ni, kò sì ní dìde mọ́!"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún kígbe:

"Yéè! Ẹ wo òjìji! Òjìji máa pa á!"

"Lójijì? Ta ló kú lójijì?"

Bàbá fi àkàbà sílẹ̀, ó sáré dé ojú ọ̀nà, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Àkàbà mì lọ, ó mì bọ̀.

"Bàbá! Ẹ padà wá di àkàbà mú! Àfi tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ èmi ni!"

Bàbá sáré padà, ó fi apá méjèèjì gbá àkàbà mọ́ra. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òjìji igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mò ń wí, Bàbá. Ó bo ibi tó dára jù lórí òrùlé. Ẹ jẹ́ ká gé ẹ̀ka méjì."

"Má fọwọ́ kan igi yẹn. Ìyá wọn ló gbìn ín."

"Ẹ̀ka ni o, kì í ṣe igi."

"Òjìji ẹ̀ka lásán ló wá fẹ́ borí oòrùn?"

"Bàbá, tí ọkọ̀ kan bá kú sójú ọ̀nà tóóró, kí ló ń ṣe àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Gbogbo wọn á tò kalẹ̀, wọ́n á máa fọn fèrè, wọ́n á máa ṣépè."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Òjìji díẹ̀ lára pátákó, iná tó ń bọ̀ lẹ́yìn á há."

Bàbá wo igi náà títí. "Ẹ̀ka méjì. Má gé ẹ̀kẹta o."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

"Ó yá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá ka ẹrù. Kí lẹ fẹ́ kí iná gbé?"

"Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata."

"Ṣé ẹ ti ń dáná fúnra yín ni?"

"Rárá o. Ìkejì, áyọ́ọ̀nù."

Ìyàwó wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn Bàbá. Ó rún bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ tó pọ̀ sílẹ̀.

"Ìkẹta, ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó ń lo iná. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù bí ọyẹ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ súwẹ́tà tí òjò bá ti ṣú?"

"Ṣé o fẹ́ kà á ni àbí o fẹ́ bá mi ṣẹjọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń gbóná láti ṣiṣẹ́, ọ̀jẹun ni. Áyọ́ọ̀nù yẹn, tí ó bá jókòó ti iná, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tó ń mú yàrá tutù náà ò kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, kí ni ẹ máa ń wí nípa ẹrù àpọ̀jù?"

"Òun ló ń pa ọkọ̀. Mi ò gbé e rí láyé mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ gbé e báyìí?"

Bàbá ń wo ojú fèrèsé, níbi tí ewé igi ti ń mì. Ìyàwó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló fẹ́ lọ ata?"

"Ìyá wọn ni."

"Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Òun náà ni. Òun ló ń ránṣọ. Òun ni ooru máa ń mú." Bàbá nu imú. "Láti ìgbà tí iná ti lọ tí kò dé bọ̀rọ̀, tí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ bàjẹ́ nínú fìríìjì, ọmọ wa obìnrin ti wá gbé e lọ. Ó ní títí ara á fi balẹ̀ díẹ̀. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Nígbà tí mo bá pè é, mò ń gbọ́ tí fáànù ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fìrì, fìrì. O bi mí ní ẹ̀rù ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan. Òun nìyẹn. Kí ilé tó níná má lọ di ilé rẹ̀."

Bàbá yí ojú padà sí Ìyàwó.

"Mo rò pé tí mo bá kó gbogbo ohun tó fẹ́ràn jọ, tí mo sì tan gbogbo ẹ̀..."

"Bàbá mi, ṣé àìsí ẹ̀rọ ata ló lé Màmá lọ?"

"Rárá."

"Kí ló lé wọn lọ?"

"Fìríìjì."

"Fìríìjì wá ni ẹrù wa. Òun la máa kọ́kọ́ gbé, ká tó ro gílóòbù díẹ̀ àti fáànù kan mọ́ ọn. A máa ra bátìrì tó máa gbé wọn kódà tí òjò bá ṣú láti àárọ̀ dọ́la. Kò ní tóbi, ṣùgbọ́n kò ní dalẹ̀ wa. Ata, ẹ jẹ́ ká máa lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn bá ń ràn."

"Tẹlifíṣọ̀n ńlá ńkọ́?"

"Kékeré, Bàbá."

"Kí n wá máa wo agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo èèrà?"

"Ẹ máa jókòó sún mọ́ ọn."

"Ó dáa. Gbé bátìrì yẹn sábẹ́ ibùsùn mi kí n lè máa ṣọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, Bàbá..."

"Mo ti ṣì í nìyẹn."

"Ó ń fẹ́ atẹ́gùn ni. Ibi tó tutù, tí omi ò lè dé, tí ẹnì kan ò sì sùn sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí dára."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ igi òrùlé, wọ́n gé ẹ̀ka méjì, Bàbá sì dúró ti agégi títí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà lọ sí ẹ̀kẹta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìyàwó pa iná ìjọba, ó jẹ́ kí sólà dá gbé ilé mọ́jú. Ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí fìríìjì.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá."

Bàbá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ó tutù bí imú ajá!"

"Ẹ pe Màmá."

Bàbá gbé fóònù sétí, ó dìde dúró bí ẹni tó fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ.

"Ìyá wọn! Ó ti tutù o! ... Mo ní ó ti tutù! ... Rárá, ara mi le, kò ṣe mí ní nǹkan kan! Fìríìjì ni mo ní ó tutù! ... Bẹ́ẹ̀ ni. Láti àná ni. ... Òun ló fà á, ìyàwó wa. ... Ẹ̀n? ... Ẹ̀n. ... Ẹ̀n."

Ó sọ fóònù kalẹ̀. Ó jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Eruku òrùlé yín ló kó sí mi lójú. Ó ń bọ̀. Ọmọ wa ń gbé e bọ̀ lónìí."

"Ẹ kú oríire o!"

"Ó ní kí n kí ọ, ó ní ọkàn òun balẹ̀ wàyí." Ojú Bàbá yí padà díẹ̀díẹ̀. "Ó tún ní nígbà tó jẹ́ pé iná ti dé gbogbo kọ̀rọ̀, ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe ni pé òun á yẹ ilé wò, kí òun lè rí bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti lọ."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Gílóòbù tuntun ń tàn gbòò. Ẹ̀wù wà lórí gbogbo àga. Ìkòkò gun orí ìkòkò lórí tábìlì. Òwú aláǹtakùn ti bẹ̀rẹ̀ láti ara aago, ó ti dé ara àwòrán ìgbéyàwó, ó sì ti ń padà bọ̀.

"Ìyàwó wa."

"Bàbá?"

"Níbo ni wọ́n ti ń pa iná yìí?"